Ìyàwó Jónà Dáhùn

Ọkọ mi, Olúwagbọ́tèmi, ló ń kọ eré fún ìjọ Aládùúrà wa níhìn-ín ní Ìdànrè. Àgbẹ̀ kòkó ni láàárọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á fa àga sábẹ́ igi máńgòrò, á máa pa ìyàwó oníyàwó nínú ìwé.

Mi ò bú u o. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti wo eré tí a máa ń ṣe lọ́jọ́ kejì Àjíǹde. Ọdún tó ṣe Jóòbù, ìyàwó Jóòbù kú. Bíbélì ò sọ pé ó kú, ṣùgbọ́n ẹnu obìnrin yẹn náà ti pọ̀ jù, mi ò bá wọn dá sí i. Ọdún tó ṣe ọmọ onínàákúnàá lọ̀rọ̀ náà sú mi. Ọmọ onínàákúnàá tí kò níyàwó! Ọkọ mi fẹ́yàwó fún un, kó ṣáà lè rí ẹni pa.

Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà kú. Ọkọ á ti ìrìn àjò dé, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló sì máa ń ṣe ọkọ. Á gbẹ́rù sórí, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Mo ti dé o." Ẹnikẹ́ni ò ní dáhùn. Á tún un sọ. Ìgbà yẹn ni yóò wá rí ìyàwó rẹ̀ lórí ẹní, tí ó ti kú. Àwọn ìyá ìjọ á bú sẹ́kún, àwọn ọ̀dọ́ á gbé fóònù sókè. Èmi á jókòó sẹ́yìn, ojú mi á gbẹ.

Àwọn àgbà ìlú mọ ibi tó ti rí eré náà. Kó tó fẹ́ mi, ó ti fẹ́ Ọmọ́yẹlé. Oko ló wà lápá Ofosu nígbà tí àìsàn ki obìnrin náà mọ́lẹ̀, kò sì sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lóko. Ẹni tí wọ́n rán sí i gba ọ̀nà ibòmíràn, wọn ò pàdé. Òun gbé kòkó sórí ọ̀kadà, ó ra búrẹ́dì bọ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ti dé. Àwọn tó wà nínú ilé ń wo ara wọn lójú.

Ohun tí àwọn àgbà ò mọ̀ ni tèmi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkùnrin yìí, kò sọ "mo ti dé" fún mi rí. Tó bá toko bọ̀, á dúró síta tòun tẹrù lórí. Kò ní kanlẹ̀kùn, kò ní pe ẹnikẹ́ni. Àfi tó bá gbọ́ tí mo wúkọ́, tàbí tí mo jágbe mọ́ Ìníolúwa ọmọ wa, ló máa tó wọlé. Òjò ti pa á níbẹ̀ rí, torí pé ẹ̀yìnkùlé ni mo wà.

"Bàbá Ìníolúwa, ṣé ilé àna yín lẹ wá ni?"

Á rẹ́rìn-ín, á wọlé. Ó ń dùn mí, mi ò ní purọ́. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa dúró lẹ́nu ọ̀nà òun bí ẹni pé òkú ló wà nínú ilé? Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ò ju kí ọkọ mi dé, kó ní òun ti dé, kí n ní ẹ káàbọ̀.

Lọ́dún yìí ó kan Jónà. Jónà jáde nínú ẹja, ó wàásù ní Nínéfè, ó wá ru àpò kòkó kan bọ̀ wálé. Ó jọ pé wọ́n ń gbin kòkó ní Nínéfè tirẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kò rí òkú. Nínú ìjọ wa, bí ènìyàn bá ṣe òkú nínú eré, Ìyá Àdúrà gbọ́dọ̀ lu agogo, kó pe orúkọ rẹ̀ gan-an, kó wọ́n omi àdúrà sí i lójú, kó tó dìde. Kíkẹ́lọmọ tó ń bá wa kú tẹ́lẹ̀ fò dìde lọ́dún tó kọjá kí wọ́n tó pè é, torí pé ìjàlọ ta á. Kò pẹ́ sígbà náà tí ibà fi dá a dùbúlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ọmọ òun ò ní kú fún ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo obìnrin ẹgbẹ́ akọrin náà bá kọ̀.

"Èmi á ṣe é," mo ní.

Ọkọ mi gbójú sókè. "Moríyọ̀, rárá."

"Kí ló dé? Ṣé mi ò ní lè kú dáadáa ni?"

"Ìwọ kọ́. Mo ní ìwọ kọ́ o."

"Ẹ jẹ́ kí Jónà bá ìyàwó rẹ̀ láàyè nígbà náà."

Ó rò ó lóòótọ́. "Kò ní jẹ́ eré mọ́," ó ní.

Bí mo ṣe di òkú nìyẹn. Lọ́jọ́ eré, wọ́n gbàdúrà fún mi, mo sì sùn sórí ẹní nínú ọgbà ìjọ. Òjìji òkè ti bò wá, ara ń tù mí. Mo gbọ́ tí Jónà jáde nínú tapólì tí a fi ṣe ẹja. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì gbọ́ tó dúró.

"Mo ti dé o."

Gbogbo ọgbà pa lọ́lọ́.

"Mo ti dé o." Ó wá sọ ohun tí kò sí nínú ìwé eré. "Ọmọ́yẹlé, mo ti dé. Mo ra búrẹ́dì."

Àwọn ìyá ìjọ ò sunkún. Inú kọ́kọ́ bí mi, torí èmi ni mo wà lórí ẹní, èmi ni èèrà ń jẹ. Mo la ojú kan. Ó dúró síbẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà mi, ó ń dẹtí. Ìgbà yẹn ló yé mi. Kì í ṣe èmi ló ń yẹra fún láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀rù ń bà á pé òun á sọ̀rọ̀, ilé á dákẹ́.

Mo dìde jókòó.

"Ẹ káàbọ̀," mo ní. "Ẹ kú ìrìn. Ẹ wọlé, ẹ sọ ẹrù yín kalẹ̀."

Yéè! Ọmọdé kan fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyá Àdúrà gbá agogo mú, ó ń pe orúkọ mi kíkankíkan, bẹ́ẹ̀ mo ti jí. Wòlíì kígbe pé agbára Àjíǹde nìyẹn. Ọkọ mi wọlé, ó sọ àpò kalẹ̀, ó jókòó tì mí lórí ẹní, ó sì ń sunkún tòun tikun nímú.

Gbogbo ènìyàn ló ní kò tíì kọ irú eré bẹ́ẹ̀ rí. Felix, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣe lọ́yà l'Ákùúrẹ́, bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní òye tó wà nínú ìparí yẹn pọ̀. Ọkọ mi ní ẹ ṣé. Èmi ni mo kọ ìparí ọ̀hún, àmọ́ mo fi sílẹ̀ fún un.

Ní báyìí, láti ìta ló ti ń pariwo bọ̀: "Moríyọ̀, mo ti dé o!" Àwọn aládùúgbò ti fẹjọ́ sùn. Ó sì ti bẹ̀rẹ̀ eré tuntun kan, tí ìyàwó inú rẹ̀ ò kú, ṣùgbọ́n tó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó sì ń wúkọ́. Mo kà á. Inú bí mi gan-an. Mo ń dúró dè é nílé lọ́jọ́ náà nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níta.

Mo kọ́kọ́ ní ẹ káàbọ̀ ná. Lẹ́yìn ìyẹn la wá jà.