Rọ́bà Bíréèkì Bàbá Ojúlówó

Bí ẹ bá fẹ́ bá bàbá àgbà mi jà, ẹ sáà sọ fún un pé, "Èyí náà máa ṣe é." Ìjà ti dé nìyẹn. Á kọ́kọ́ fa imú, fììn, á ti gíláàsì ojú ẹ̀ sókè, á ní, "Máa ṣe é? Ta ló ní kó máa ṣe é? Ojúlówó ńkọ́?" Òun ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é ní Bàbá Ojúlówó. Tó bá ń kọjá, àwọn ọmọ kéékèèké á máa fa imú tẹ̀lé e, fììn, fììn. Èmi ni mo kọ́ wọn.

Iṣẹ́ ìjókòó mọ́tò ló ń ṣe. Bí awọ àga mọ́tò yín bá ya, ọ̀dọ̀ ẹ̀ lẹ máa gbé e lọ. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á kọ́kọ́ bú ẹni tó rán ti tẹ́lẹ̀ dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé wa, òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù ló ń jí wa láàárọ̀. Mọ́tò tiẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó dàgbà ju màmá mi lọ, iná iwájú ẹ̀ rogodo bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójijì. Gbogbo ara ẹ̀ títí dórí nọ́ọ̀tì, bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe fi sí i náà ló wà. Kò ní bẹ́líìtì, torí wọn ò ṣe bẹ́líìtì mọ́ ọn. Ẹnì kan ní kó jẹ́ kí òun so ọ̀kan sí i, bàbá ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Nǹkan kan péré ló yí padà lára mọ́tò yẹn: ìjókòó iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ti ìyá àgbà nìyẹn.

Kíndìnrín ìyá àgbà ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ọsibítù ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Dókítà ti so iṣan méjì pọ̀ mọ́ra ní ọwọ́ òsì ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń ki abẹ́rẹ́ sí, kí ẹ̀rọ fa ẹ̀jẹ̀ jáde, kó fọ̀ ọ́, kó dá a padà. Tí ẹ bá fi ìka kàn án, á máa gbọ̀n rìrì, bí ológbò tó ń hanrun. Ìyá àgbà á ní, "Ẹ rọra o. Ológbò mi lẹ̀ ń fọwọ́ pa yẹn, òun ló ń bọ́ mi." Bí wọn ò bá fọ ẹ̀jẹ̀ yẹn lọ́jọ́ tó yẹ, ara ẹ̀ á wú, èémí á há sí i láyà. Kò sì lè jókòó nínú mọ́tò ẹlòmíràn, egungun ẹ̀yìn ẹ̀ á máa dùn ún débi tí á máa sunkún. Ni bàbá bá mú okùn ìwọnṣọ, ó wọn ẹ̀yìn ìyàwó ẹ̀, ó yọ ìjókòó iwájú kúrò, ó rán òmíràn tó gùn, tó rọ̀, tó gba eegun ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ìyẹn, oorun ni ìyá àgbà máa ń sùn títí dé ọsibítù nísàlẹ̀ òkè.

Ìyẹn ni pé mọ́tò yẹn ti kúrò ní mọ́tò afẹ́. Bí kò bá lọ, ìyá àgbà ò lọ.

Bíréèkì ẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í le. Tí bàbá bá tẹ̀ ẹ́, á dún ṣíììì, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bí nínú. A pe mẹkáníìkì. Ṣẹ́-ẹ-rí-i là ń pè é, ẹ máa mọ ìdí láìpẹ́.

Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Bàbá, agolo ńlá yìí ló ń bá ẹsẹ̀ yín tẹ bíréèkì, ṣẹ́ ẹ rí i? Rọ́bà yìí ni ẹ́ńjìnì fi ń fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, ṣẹ́ ẹ rí i? Ó ti sán lábẹ́ kílíìpù. Ẹ́ńjìnì ò rí nǹkan fà mọ́. Ẹsẹ̀ yín nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ yín sì ti darúgbó, ṣẹ́ ẹ rí i?"

"Ẹsẹ̀ bàbá ẹ ló darúgbó."

Ṣẹ́-ẹ-rí-i rẹ́rìn-ín, ó lọ, ó mú rọ́bà dúdú kan bọ̀, tuntun, ó nípọn. Ó fi ìka dí ojú ẹ̀ kan, ó fi ẹnu fa ìkejì títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ méjèèjì fi wọnú. "Ẹ wò ó, kò pẹlẹbẹ. Rọ́bà omi á ti lẹ̀ mọ́ra. Èyí le, Bàbá."

Bàbá gbà á, ó ń yí i kiri, ó ń wá nǹkan lára ẹ̀. "Orúkọ ta ló wà lára ẹ̀?"

"Kò ní orúkọ."

"Ṣé ọmọ àlè ni?" Fììn! "Ti mọ́tò mi, òwú ni wọ́n hun bò ó lára, òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ sì wà níbẹ̀. Gbé ìyẹn kúrò lójú mi."

Ọjọ́ tí wọ́n máa fọ ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Èmi àti bàbá wá rọ́bà ọ̀hún kiri. A wọ gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tú òkú mọ́tò, a gun orí irin, a wọ abẹ́ irin. Níbì kan, ọkùnrin kan yọ irú ẹ̀ gan-an lára òkú mọ́tò tó jẹ́ ìkejì tiwa. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó rún sí i lọ́wọ́ bí búrẹ́dì tó jóná. Bàbá ní, "Òòrùn ló pa èyí. Èyí tí òòrùn ò bá rí ni ká wá."

Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ Sọ̀rọ̀-jẹ́jẹ́ nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ṣókùnkùn bí inú ìkòkò, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọmọ ń sùn lẹ́yìn ẹ̀. "Bàbáaa, ẹ má pariwo. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù láyé." Ó fa páálí kan yọ lábẹ́ páálí. Rọ́bà yẹn ṣì wà nínú ọ̀rá ilé iṣẹ́, òwú lára, òǹtẹ̀ lára, gbogbo ẹ̀ ń dán. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, Bàbáaa, ẹnì kan ò tú u wò rí." Ojú bàbá wá ń ṣe yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́ bí ojú ọkọ ìyàwó.

Ìyá àgbà lóun fẹ́ rí i. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó fi sétí. "Olówó orí mi, ó le o."

"Ojúlówó máa ń le ni."

"Aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí náà ń gbó o. Ìwọ tó ń rán awọ, o ò mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Rọ́bà kì í ṣe awọ."

Ṣẹ́-ẹ-rí-i náà wò ó, kò tilẹ̀ fi ẹnu fà á wò. "Bàbá, nǹkan yìí dàgbà jù mí lọ. Mi ò ní fọwọ́ mi so ó." Ó sì lọ. Bàbá fúnra ẹ̀ so ó mọ́ ọn, ó fún kílíìpù dáadáa. Ó tẹ bíréèkì, ó rọ̀ wẹ̀lẹ̀. "Ṣẹ́ ẹ rí i?" ni bàbá wí, ó sín mẹkáníìkì jẹ, gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí a lọ, ìyá àgbà ti sùn ká tó dé orí òkè. Èmi wà lẹ́yìn, mo gbé báàgì ẹ̀ dání. Ẹ́ńjìnì ti gbóná. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, bàbá ń tẹ bíréèkì, ó ń tẹ̀ ẹ́, mo wá gbọ́ pá! bí igi gbígbẹ tó dá. Lẹ́yìn ẹ̀, ṣíììì.

Bàbá dìde dúró lórí bíréèkì. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ó ń ké, "Dúró! Mo ní kó o dúró!" bíi pé ẹṣin ni. Mọ́tò ń rọra dúró, àmọ́ ògiri ọsibítù ti dé. A ò fi bẹ́ẹ̀ gbá a. Gíláàsì gan-an ò fọ́. Ìyá àgbà jí, ó ń yọ̀ lọ síwájú, kò sí bẹ́líìtì tó máa dá a dúró, ó wá na ọwọ́ síwájú kí orí ẹ̀ má bàa gbá dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ọwọ́ òsì ló nà.

Nínú ọsibítù, ọwọ́ yẹn ti wú, ó ti dúdú. Nọ́ọ̀sì fi ìka kàn án. Ó gbé ìka síbòmíràn, ó tún gbé e. Dókítà gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé e, ó sì mi orí. Ìyá àgbà fọwọ́ ọ̀tún kan ibẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó ní, "Ológbò ti kú."

Ọrùn ló kù tí wọ́n lè gbà fọ ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ nínú ọ̀rá tí wọ́n dì pa. Bàbá dìde. Kò fa imú.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ọdún wo ni wọ́n ṣe é?"

"Bàbá, tuntun ni."

"Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ wò."

Kò sí ẹni tí mi ò lè sín jẹ ládùúgbò wa. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ yẹn, mi ò tíì dán an wò.

Nọ́ọ̀sì ń wò ó bíi wèrè. Ìyá àgbà ló dáhùn lórí bẹ́ẹ̀dì: "Ẹ má dá a lóhùn jàre. Kò rí orúkọ lára ẹ̀ ni."

Rọ́bà yẹn ò sán. Ibi tó gbà wọ ọrùn ló kẹ̀. Ibà mú un, ó lọ, ó tún padà, òjò ọdún yẹn ò sì tíì dá tá a fi sin ìyá àgbà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ṣẹ́-ẹ-rí-i wá láìjẹ́ pé a pè é. Ó so rọ́bà aláìlórúkọ ẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣáná sí mọ́tò, ó tẹ bíréèkì. "Ó ti rọ̀, Bàbá. Ṣẹ́..." Ó gbé ìyókù mì.

Bàbá ní, "Ó dáa. Ó máa ṣe é."

Kò wà á láti ìgbà náà. Tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, á wọnú mọ́tò, á jókòó sórí ìjókòó gígùn yẹn. Ẹ̀yìn ìyá àgbà ló fi wọ̀n ọ́n, kò bá tiẹ̀ mu rárá. Tó bá jáde, á di ìbàdí mú. Màmá mi ní kó jókòó sí àyè awakọ̀, ibẹ̀ tù ú lára jù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìjókòó gígùn yẹn náà ló tún lọ jókòó sí.