Wọ́n Gbé E Mì, Kò Dà

Mò ń kírun Alásárì lọ́wọ́. Mo foríkanlẹ̀, mo fẹ́ dìde, nǹkan kan gún mi nínú igbáàyà, mi ò sì lè mí kanlẹ̀ mọ́.

Ikọ́ ti ń yọ mí lẹ́nu ṣáájú, eruku ni mo kà á sí. Bàbá mi, Mọ́gàjí agboolé wa ní Àrẹ̀mọ, ń wó ilé amọ̀ tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́. Ó ní gbogbo ọmọ ilé, lọ́kùnrin lóbìnrin, gbọ́dọ̀ fi orí ara rẹ̀ ru nínú erùpẹ̀ náà. Ẹni tí kò bá ru ú ti kọ ilé nìyẹn. Ọkọ mi ní kí n jókòó sí ilé wa ní Oníyanrìn. Ta ni í gbọ́? Mo ru ú, mo tún ń gberin.

Láti kékeré sì ni eéwo ti máa ń sọ mí, lábíyá, lọ́rùn. Ìyá mi a ní ẹ̀jẹ̀ mi ló dùn jù. A fi ń ṣẹ̀fẹ̀.

Nílé ìwòsàn, wọ́n kọ́kọ́ fura sí ikọ́ ife. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, kò sí níbẹ̀. Ibà ò lọ, mo ń rù. Mo ń wo ọmọ mi, tí n kò tíì já lẹ́nu ọmú, lẹ́yìn ìyá ọkọ mi lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀rù sì ń bà mí pé kò ní mọ ojú mi.

Dókítà obìnrin kan jókòó tì mí. “Mà, kí lẹ ṣe kí ikọ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀?”

“Erùpẹ̀ ilé àtijọ́ ni mo rù.”

“Ṣé eéwo máa ń sọ yín?”

Bàbá mi, tó wá wò mí, gbà á mọ́ mi lẹ́nu: “Láti kékeré ni!” Ó rẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ìgbà tí èsì dé, dókítà ṣàlàyé. Sẹ́ẹ̀lì funfun ni ọmọ ogun ara. Bí kòkòrò bá wọlé, wọn a gbé e mì, yóò wà nínú àpò kan tí ara rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù á tún ọ̀rá yẹn ṣe, á sọ ọ́ di àmì. Àmì yìí ni àwọn èròjà mìíràn tó ń po oró fi ń mọ àpò tí wọ́n máa da oró sí, kí kòkòrò lè kú, kó sì dà bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ikùn. Nínú ara tèmi, àmì wà. Ọ̀kan nínú àwọn apooró náà, tó yẹ kó rí i, ni kò pé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí mi. Irú nǹkan tó ń hù lára búrẹ́dì tó bá bu ló wà nínú erùpẹ̀ náà. Mo fà á símú, wọ́n gbé e mì, kò dà.

Bàbá mi ṣí fìlà, ó ń yí i lọ́wọ́. “Ràfátù, èmi ni mo ní kó o ru ú.” Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Oògùn tí wọ́n ń fà sí mi lára le. Oúnjẹ ń rùn sí mi. Díẹ̀díẹ̀ ni ibà rọlẹ̀. N ó máa lo oògùn lọ ni, nítorí àbùkù náà ò kúrò. Ẹ̀yin tí eéwo ò yé sọ, ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀ bíi tiwa, ẹ lọ yẹ ara yín wò.

Mo ti bínú sí ara yìí rí. Nísinsìnyí mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò jáwọ́, tí wọ́n ṣì ń gbé ohun tí agbára wọn ò ká mì.

Wọn ò tíì kó erùpẹ̀ náà tán. Ọmọ kì í dúró síta kí bàbá jáde wá gba ìkíni rẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ Mọ́gàjí. Àmọ́ bí mo bá ń lọ kí i, òkèèrè ni mo ti máa ń rí i létí títì, ó ti gbé àga méjì síta, ó ń juwọ́ kí n dúró.

“Má wọlé o, Ràfátù. Èmi ni mò ń bọ̀.”

Mo kúnlẹ̀ létí títì. Ọmọ mi, tó ti ń rìn, já lọ́wọ́ mi, ó sáré lọ bá a.