Ògì Tí Kò Ní Ṣúgà

Mọ́tò akẹ́rù ló gbé mi wá sí Kàbbà láti Lọ́kọ́jà, àyà mi sì ń lù kìkì fún ayọ̀. Mo ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà. Ìgò kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ ni mo dì mú sọ́wọ́, àwọn hóró funfun tí wọ́n ń pè ní sákárìn ló wà nínú rẹ̀. Ìyá mi ni mo gbé e wá fún.

Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe é. Èèrà ló kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀: wọ́n máa ń ṣù bo ibi tó bá tọ̀ sí. Dókítà ní kó dín iṣu kù, kó má sì fẹnu kan ṣúgà mọ́. Ti iṣu kò dùn ún púpọ̀. Ògì àárọ̀ ló dùn ún. Lẹ́yìn àdúrà, òun àti bàbá mi a jókòó ti ògì gbígbóná tí wọ́n fi ṣúgà sí, wọn a máa sọ̀rọ̀ oko. Láti ọjọ́ tí dókítà ti kà á léèwọ̀, ìdí ààrò ni ìyá mi ń dá jókòó sí.

"Okun o, ọmọ mi!" ló fi kí mi káàbọ̀. Ayọ̀ kò jẹ́ kí n kí i dáadáa. Mo ti ń po ògì! Mo ju hóró kan sí i, mo rò ó, mo gbé e fún un.

Ó tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ là gbòò. "Ó dùn! Ẹ gbà mí, ó dùn!"

"Dúró ná," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó jókòó nítòsí wí. Ó gba hóró kan, ó lọ̀ ọ́, ó bù ú sójú ọ̀nà èèrà. Àwọn èèrà yí i ká, wọ́n bá tiwọn lọ. "Ohun tí èèrà kọ̀ ni kí ìyàwó wa máa mu?"

Mo ní kì í ṣe oògùn, kò sì lè wo àrùn náà sàn. Adùn lásán ni, bó ṣe wọlé ni yóò bá ìtọ̀ jáde.

"Tó bá wá mu ún tó ogún ọdún ńkọ́?" ló tún béèrè.

Èmi náà ti bi dókítà. Ó ní òun kò lè sọ, kó má sáà ju hóró méjì lọ lóòjọ́. Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀.

"Ohun tí ṣúgà ń ṣe fún mi, mo mọ̀ ọ́n," ni ìyá mi wí. "Ẹ jẹ́ kí n fi èyí dán ara mi wò." Ó gbé ife dé ẹnu, ó mu ún tán.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò fẹ́ kó ku òun nìkan. Ó sọ odidi hóró kan sẹ́nu. Họ́wù! Adùn tí kò bá omi pò ti pọ̀ jù, ó korò bí ewúro! Ó tutọ́ títí, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí ìjókòó ìyá mi kúrò nídìí ààrò wá sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, nídìí ògì.

Nígbà tí mo tún wálé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n jẹ́ kí èmi fúnra mi yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Mo dà á mọ́ omi aró inú ìgò, èyí tó máa ń pọ́n tí ṣúgà bá wà nínú ìtọ̀, mo gbé e síná. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ tirẹ̀ wò, pípọ́n ló pọ́n bí bíríkì. Ó hó, ó hó, kò pọ́n!

"Sákárìn yẹn ló ṣe é àbí?" ni ìyá mi béèrè.

"Rárá, Ìyá. Ohun tí ẹ kò jẹ mọ́ ló ṣe é."

Ó dì mọ́ mi níwájú àwọn aláìsàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí jó.