Kẹ̀kẹ́ Tí Bàbá Mi Ń Tà

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wa ní Old Market ni mo mọ̀ sí ilé. Ilé tí à ń sùn wà lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń jókòó síbẹ̀? Bàbá bàbá mi ló ti Ìlọrin wá tẹ̀dó sí Lọ́kọ́ja, òun ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Bàbá mi jogún rẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin sì gbà á lẹ́yìn bàbá wa. Nígbà tí àbúrò mi náà kú, ọwọ́ èmi àgbà ni ọ̀rọ̀ bọ́ sí: ṣé ká ṣì máa ta kẹ̀kẹ́ ni, àbí ká jáwọ́? Ẹ má rò pé ó rọrùn o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí bàbá mi ṣe ń tà á fún yín. Kò ní fa kẹ̀kẹ́ tuntun lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àfi tí onítọ̀hún bá kọ́kọ́ gbé mi sẹ́yìn, tó gbé mi dé etí odò Ọya, tó sì gbé mi padà láìfarapa. Ìyá mi á máa pariwo: "Ṣé ọmọ mi lẹ fẹ́ máa fi dán kẹ̀kẹ́ wò ni?" Bàbá mi á ní, "Ẹni tí kò lè gbé ọmọ mi, ṣé ìyàwó tiẹ̀ ló máa lè gbé?"

Àgbẹ̀ kan wá láti Oworo lọ́jọ́ kan, gìrìpá ọkùnrin. "Òkun o," ló fi kí wa, bí wọ́n ṣe ń kíra wọn lọ́hùn-ún, ló bá nawọ́ sí èyí tó wù ú. A ò tíì kọjá ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja tó fi dà mí sínú ẹrẹ̀. Àwọn obìnrin Nupe tó ń ta ẹja rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọkùnrin náà ń bẹ bàbá mi pé iṣu òun wà lóko, òjò ò sì ní pẹ́ dé. Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa ni ọkùnrin náà ti kọ́ ọ, ó ń ṣubú, ó ń dìde, títí ó fi mọ̀ ọ́n gùn. Ọjọ́ tó gbé mi lọ tó gbé mi bọ̀, inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo ra kẹ̀kẹ́.

Ìgbà tó yá, ọ̀kadà dé, àwọn àgbẹ̀ bá yà sídìí ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé, òun ló wá gba orúkọ mọ́ wa lọ́wọ́. Lónìí, tí ẹ bá ní "kẹ̀kẹ́" ní Lọ́kọ́ja, ta ló ń ro tiwa? Àwọn tó ń wa ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta á dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa bèèrè púlọ́ọ̀gì àti ọ́ìlì. Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé, títí ó fi sú mi.

Ọmọ àbúrò mi tó ń gbé ní Gadumo wá bá mi lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. "Màmá, kẹ̀kẹ́ ni bàbá wa àgbà ń tà. Kẹ̀kẹ́ náà lèmi fẹ́ máa tà."

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń sọ. Mo fẹ́ ní irọ́ ló ń pa, ṣùgbọ́n ibo ni irọ́ wà níbẹ̀? Mo bi í pé, "Àwọn oníbàárà rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n á kọ́kọ́ gbé ọmọ rẹ ná?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Háà, Màmá. Ta ló ráyè ìyẹn?"

Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ óò ní ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Mo ti gbọ́. Àwa ló kọ́ yín ní òwe náà. Mi ò bínú sí ọmọ yẹn, mi ò sì bá ayé jà mọ́, ó ti rẹ̀ mí. Ohun tó dùn mí jù ni pé, nígbà tí mo padà sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo tilẹ̀kùn, mo rò pé ẹkún ni màá sun. Oorun ni mo sùn.