Yàrá Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Kan

Ẹni tó bá rò pé kò sí ìjà orogún nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kó wá bá wa gbé ní Bẹẹrẹ. Èmi tí mo jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mò ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ wá bí ẹni pé èmi ni mọ́gàjí.

Ìyá mi ni ìyáálé nílé wa. Ó ní máṣíìnì ńlá kan tó ń kọ ọnà sí ọrùn agbádá, kọ̀ǹpútà ló sì ń júwe ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà fún un. Èmi ni mo kọ ètò tó ń ya ọnà náà. Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo fi kọ ọ́, èyí àtijọ́ tó wà lóde nígbà yẹn, kò sì já ìyá mi kulẹ̀ rí. Ìyá kékeré, ìyàwó tó wọlé tẹ̀ lé ìyá mi, máa ń fi máṣíìnì kan náà ṣe ọnà sára bùbá àwọn obìnrin. Tí ìyáálé ẹ̀ bá ti ṣe tiẹ̀ tán, òun ló kàn.

Lọ́dún kan, nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, Ìyá kékeré rí ètò kan tó ń ya òdòdó lóríṣiríṣi. Ètò ọ̀hún ò sì gbà láti ṣiṣẹ́ àfi pẹ̀lú Python tuntun. Kò dúró dè mí. Ó gbé kọ̀ǹpútà lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún un ṣe ní Gbági. Ọ̀gbẹ́ni yẹn sọ tuntun lé àtijọ́ lórí, ó sì ní kó jẹ́ tuntun lá máa dáhùn nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ti pe Python. Òdòdó Ìyá kékeré yọ, ó ń dán. Ìyá mi tẹ tiẹ̀, kò rí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà àfi ìlà pupa jánganjàngan.

“Wọ́n ti bà á jẹ́ fún mi o! Agbádá àwọn èèyàn wà nílẹ̀, wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí Yídì! Hẹ̀n-ín, mo ti ń wò ó bọ̀!”

Ìyá kékeré kúnlẹ̀. “Ìyáálé mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mi ò fọwọ́ kan tiyín.”

“Ta ló wá fọwọ́ kàn án? Èkúté?”

Ìyá mi yíjú sí mi. “Tí kò bá ṣiṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, mà á gbé máṣíìnì mi wọ yàrá, mà á sì tilẹ̀kùn. Kálukú kó wá tiẹ̀ lọ.”

Ìyá mi kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Tó bá gbé e wọlé pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ Ìyá kékeré tán nìyẹn, àwa ọmọ ò sì ní lè jókòó ti ara wa jẹ ẹran Iléyá.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà wò, inú bí mi sí ọkùnrin Gbági yẹn débi pé mo fẹ́ẹ̀ gbéra lọ bá a. Àwọn irinṣẹ́ tí ètò méjèèjì ń lò, ojú kan náà ló da gbogbo ẹ̀ sí, ti tuntun sì ti jókòó lé ti àtijọ́.

“Yọ tuntun dànù,” Ìyá mi sọ fún mi.

Ìyá kékeré rọra sọ pé, “Ṣé tuntun ò lè máa ṣe gbogbo ẹ̀ ni?”

“Ẹ rọra o,” mo dá a lóhùn. “Pàṣán tí a fi na ìyáálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Tuntun míì ń bọ̀ lọ́nà.” Mo wá kọjú sí Ìyá mi. “Màámi, ṣé inú ìkòkò kan náà lẹ̀yin àti Ìyá kékeré ti ń se ọbẹ̀?”

“Ká má rí i! Kálukú ló ní àdògán tiẹ̀. Iyọ̀ mi gan-an, yàrá mi ló ń gbé.”

“Ohun tí ọkùnrin yẹn ò ṣe nìyẹn.”

Mo bá dá yàrá fún kálukú wọn nínú kọ̀ǹpútà: àtijọ́ àti irinṣẹ́ tiẹ̀ níbì kan, tuntun àti tiẹ̀ níbòmíì. Mo ṣe àmì méjì tí wọ́n á máa tẹ̀ sójú ẹ̀, mo pe ọ̀kan ní Ìyàwó, mo pe èkejì ní Ìyáálé.

Ìyá mi bojú wò ó. “Ta ló wà lókè yẹn?”

Áà! Mo sáré gbé Ìyáálé sókè.

Ó tẹ tiẹ̀. Máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọnà sí ọrùn agbádá. Nígbà tíyẹn parí, Ìyá kékeré tẹ tiẹ̀, òdòdó yọ. Ìyá mi tún padà tẹ tiẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá òdòdó ti bà á jẹ́. Kò bà á jẹ́.

“Ṣé wọn ò ní jà ni?”

“Wọn ò ní jà, Màámi. Kò sí èyí tó mọ̀ pé èkejì wà nílé.”

Ìyá mi mirí. “Bàbá yín, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ, gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ló fi wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò rí i ṣe.”

Ìyá kékeré ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún pọ̀ débi pé ó di apá ìyáálé ẹ̀ mú kó má baà ṣubú, Ìyá mi sì jẹ́ kó dì í mú. Láti kékeré mi, mi ò tíì rí i kí àwọn méjèèjì fara kan ara wọn rí.