Ọṣẹ Tó Jinná Lórí Ìwé

Òórùn epo àti sódà ni mo máa ń gbé wọ yàrá mi ní Asata lọ́dún tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀ ní Enugu, nígbà tí fóònù ò tíì wọ àpò ẹnikẹ́ni, tí mo sì rò pé kò sẹ́ni tó mọ ìṣirò tó mi. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ni wọ́n fi mí sí, lábẹ́ ọ̀gá kan tó jẹ́ Yorùbá bíi tèmi, alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ṣèlérí pé òun á gbà mí síṣẹ́ gidi tí mo bá sìnlú tán. Màmá mi gbọ́, nítorí náà gbogbo àdúgbò wa n'Íbàdàn gbọ́.

Iṣẹ́ mi ò le. Bí oṣù bá ti ń parí, ọṣẹ kan á ṣì wà nínú ìkòkò irin, tí kò tíì di ọṣẹ, tí kì í sì í ṣe epo mọ́. Èmi ni mo máa ń lọ fojú díwọ̀n ibi tó jinná dé. Bí mo bá ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná tán, ìnáwó oṣù náà á pín sórí ọṣẹ púpọ̀, á wá dà bíi pé owó pọ́ọ́kú la fi ń ṣe é, èrè á sì ga lórí ìwé.

Nígbà tí Kérésì ń bọ̀, èrè wa ò ga rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀gá olú ilé-iṣẹ́ wa l'Ékòó ń wá ẹni tí wọ́n máa gbé ga. Mo yọjú sínú ìkòkò, mo kọ ìdajì. Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí.

"Àbúrò, kọ ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá."

"Ẹ̀gbọ́n, ó ṣì ń ṣàn bí ẹ̀kọ o."

"Ta ló máa wá tọ́ ọ wò? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Fọwọ́ sí ìwé yìí, kí n lè fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́ tìẹ."

Ẹ má rò pé mo ṣe akin. Mo ní inú ń run mí, mo sá jáde. Ọ̀gá yí ìdajì yẹn padà fúnra rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó fi ránṣẹ́.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti ọ̀gá wa ò tó ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ará Èkó ka ìwé náà, wọ́n rí i pé ọṣẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná tán, ọjà Kérésì sì ń pè wọ́n. Ni wọ́n bá rán lọ́rì wá kó o. Ọkùnrin tó ń bójú tó ìkòkò wo lọ́rì, ó wo ọ̀gá.

"Oga, na inside bucket we go load am?"

Ọ̀gá sáré lọ tẹ Èkó láago pé iná ọba ló lọ, tó ba ọṣẹ jẹ́. Wọ́n gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà gbọ́ pé iná lọ? Wọ́n tiẹ̀ kí i kú ìfaradà, wọ́n sì gbé e ga lọ sí Èkó. Ìwé tèmi ò rí ìfọwọ́sí. Nígbà tí mo sìnlú tán, mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo gba Ìbàdàn lọ, ojú sì tì mí débi pé mo dúró kí ilẹ̀ ṣú kí n tó wọ àdúgbò.

Ó dùn mí gan-an, ó sì pẹ́ kí n tó gbàgbé rẹ̀. Mi ò lè búra pé ìwà ọmọlúàbí ló dá mi dúró. Ó lè jẹ́ ẹ̀rù lásán. Ṣùgbọ́n èmi náà ti di ọ̀gá báyìí, àwọn ọmọdé ló ń gbé ìṣirò wá bá mi. Lóṣù tí èrè bá rẹlẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn bá dúró síwájú tábìlì mi pẹ̀lú òótọ́ lọ́wọ́, "Àbúrò" á ti dé orí ahọ́n mi. Mo máa ń yára bu omi mu.