Ọrun Tí Apá Mi Kò Ká

Ìwé ọ̀fẹ́ ló ba oko mi jẹ́. Kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó kó gbogbo ọmọ lọ sílé ìwé, àwọn ọmọ ló máa ń hó lé ọ̀bọ lọ nídìí kòkó. Nígbà tí a fi máa gba òmìnira, kò sí ọmọ lóko mọ́ láàárọ̀. Àwọn ọ̀bọ wá ń jẹ kòkó mi bí ẹni pé àwọn ló gbìn ín. Ìbọn ń fẹ́ láísẹ́ǹsì, láísẹ́ǹsì ń fẹ́ ẹni tó mọ èèyàn ní ọ́fíìsì, èmi ò sì mọ ẹnì kankan. Bí mo ṣe pinnu láti kọ́ ọfà títa nìyẹn, pẹ̀lú irùngbọ̀n lágbọ̀n.

Bàbá kan wà ní Odigbo tó ń gbẹ́ ọrun. Láti Ore, èmi àti ìyàwó mi la jọ lọ, torí òun fẹ́ ra epo níbẹ̀. Bàbá náà kó àwọn ọrun rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ látorí àjà ilé ìdáná, níbi tí èéfín ti ń gbẹ wọ́n. Ojú mi ò kúrò lára èyí tó gùn jù, tó dúdú, tó ń dán. Mo ti ń rí ara mi tí mo gbé e kọ́ èjìká gba àárín ìlú kọjá. Mo fà á. Ọsán rẹ̀, okùn tí a ń fà, ò tíì sún kúrò lójú kan tí apá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Bàbá ní, "Ọma mi, èyí le fún ọ." Ó na èyí kékeré kan sí mi, irú èyí tí èèyàn lè fi lé ẹyẹ.

Ìyàwó mi gbé kèrègbè epo rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ n wò ó." Ó gba ọrun dúdú yẹn lọ́wọ́ mi, ó yí ẹ̀gbẹ́, ó fà á débi etí, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Kò mì rárá.

Mo mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ṣọdẹ ní Araromi-Obu, mo sì mọ̀ pé kò bí ọkùnrin. Pé ó kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ ní ọfà, kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi nígbà tí mò ń ṣàna fún wọn.

Bàbá Odigbo lu itan rẹ̀, ó ní, "Ọma ọdẹ!" Látìgbà náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Òun àti ìyàwó mi ń sọ̀rọ̀ igi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọsán, èmi dúró bí alágbàrù. Mo jowú débi pé ẹnu mi korò.

"Ẹ jẹ́ ká mú kékeré yẹn," ìyàwó mi rọra wí. "Ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ná." Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, bóyá ǹ bá gbà. Jẹ́jẹ́ yẹn ló bí mi nínú. Ńlá ni mo rà.

Mo gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè rí i. Ní ìrọ̀lẹ́, èmi àti ọrun náà máa ń wọ̀yá ìjà lẹ́yìnkùlé, ọfà á sì máa já bọ́ síwájú ẹsẹ̀ mi. Ìyàwó mi á máa fẹ́ná, kò ní wo ọ̀dọ̀ mi. Mo mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo jí, ògiri ṣófo. Mi ò tíì bọ́jú tí ìyàwó mi ti ti oko dé, òkú ọ̀bọ wà nínú agbọ̀n rẹ̀. Ó dá ọrun padà sáyè rẹ̀. Àwọn ará ilé kejì ti ya dé.

"Ta ló ta á?"

"Bàbá àwọn ọmọ mi ni," ìyàwó mi wí, kò tiẹ̀ wojú mi.

Ni wọ́n bá ń hó, "Ọdẹ! Ọdẹ!" Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ fà á ká wò."

Ìyàwó mi ló tún dáhùn. "Ìrì ti mú ọsán rẹ̀. Ó di ìgbà tó bá gbẹ."

Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n yìn mí títí, mo sì ń jowú ẹni tí wọn ò yìn.

Nílé bàbá ìyàwó mi, igẹ̀ ẹran ni ti ẹni tó ta á. Lálẹ́, ojú àwọn ọmọ ni ìyàwó mi ti bu igẹ̀ ọ̀bọ náà sínú abọ́ mi. Mo tì í sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tì í padà.

"Tiyín ni. Ẹ jẹ ẹ́."

Mo jẹ ẹ́ tán. Èébú tí mo ti gbọ́ láyé pọ̀, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó ẹran yẹn.